Eérú Kò Tọ Ẹni Tó Dà Á

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1953, àwọn darandaran tó ń kó àgùntàn lọ jẹko ní pápá Nevada nígbà òtútù dà wọ́n bọ̀ wá sí Cedar City, ní ìpínlẹ̀ Utah lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè rẹ́ irun wọn, kí àwọn abo sì bímọ. Ohun tí wọ́n rí lára ẹran wọn lọ́dún náà kò jọ àrùn tí wọ́n mọ̀. Egbò bo ètè àti imú wọn, irun ẹ̀yìn wọn ń ṣí bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, òkú ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí, àwọn tó sì wáyé láàyè kò lágbára láti dìde mu ọmú. Àgùntàn tó lé ní 4,000 ló bá a lọ. Láti oṣù Kẹta ọdún náà ni bọ́ǹbù átọ́míìkì ti ń bú nítòsí pápá tí wọ́n ti jẹko. Àwọn olówó ẹran pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́. Ìjọba ní àìjẹunkánú ló pa ẹran wọn, nígbà tó sì di ọdún 1956, Adájọ́ A. Sherman Christensen dá ìjọba láre.

Àwọn tó ń ròyìn ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń sọ pé àìpé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló fà á, pé nígbà náà kò sí ẹni tó lè mọ ohun tí ìtànṣán olóró ń ṣe lára dájú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ tó wà nílẹ̀ nígbà náà tó láti fi kìlọ̀ fún ènìyàn. Ohun méjì mìíràn ló dá àwọn olùpẹjọ́ lápá, kì í ṣe àwọn olówó àgùntàn nìkan, àwọn ènìyàn tó wá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú. Ọ̀kan ni pé àpò olùjẹ́jọ́ gan-an ni ìwé ẹ̀rí wà. Èkejì ni pé ìbéèrè tí òfin ń bi wọ́n jẹ́ irú èyí tí ìmọ̀ ìtànṣán kò lè dáhùn, bó ti wù kó gbọ́n tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti ń yin bọ́ǹbù náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1950, nígbà tí ogun Kòríà ń gbóná, Ààrẹ Truman fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lo apá kan aṣálẹ̀ Nevada, ibi tó tó nǹkan bíi kìlómítà 100 sí Las Vegas. Àwọn erékùṣù inú Òkun Pàsífíìkì ni wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ jìnnà, owó sì ń lọ. Bọ́ǹbù àkọ́kọ́ bú ní Nevada ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1951, nǹkan bí 100 ló sì bú ní gbangba kí àdéhùn ọdún 1963 tó lé ìdánwò wọ abẹ́ ilẹ̀. Àjọ Agbára Átọ́míìkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà kì í fẹ́ yìn ín bí atẹ́gùn bá kọrí sí Las Vegas tàbí Los Angeles. Wọ́n á dúró kí atẹ́gùn yí sí ìlà-oòrùn, síbi tí àwọn ìlú kéékèèké bíi St. George àti Cedar City wà, ìlú àwọn Mọ́mọ́nì tí ẹ̀sìn wọn kò gbà kí wọ́n fa sìgá tàbí mu ọtí, tí jẹjẹrẹ kò sì wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ẹni tó ń yan ọ̀nà tí atẹ́gùn yóò gbé eruku gbà ti fi ìṣe rẹ̀ jẹ́wọ́ pé eruku náà ń pani lára. Mi ò mọ ẹ̀rí mìíràn tó tún gbọ́dọ̀ wà kí a tó gbà pé wọ́n mọ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1953, wọ́n yin bọ́ǹbù kan tí wọ́n sọ ní Harry, agbára rẹ̀ tó kílótọ́ọ̀nù 32, eruku rẹ̀ sì bọ́ lé St. George lórí. Wọ́n dá ọkọ̀ dúró lójú títì láti fọ̀ wọ́n, rédíò ní kí àwọn ará ìlú wọlé fún wákàtí mélòó kan, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí oníkálukú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1955, Àjọ náà tẹ ìwé pélébé fún àwọn ará àdúgbò láti fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀.

Ẹjọ́ lórí ìtànṣán kò bẹ̀rẹ̀ ní Utah, ó sì dára kí a fi ẹjọ́ tó ṣáájú wé é. Ní ìlú Orange, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, àwọn ọ̀dọ́bìnrin máa ń fi ọ̀dà tó ní rédíọ́ọ̀mù kun ojú aago kó lè máa tàn lóru, ètè wọn ni wọ́n sì fi ń mú kí ẹnu búrọ́ọ̀ṣì ṣe ṣóńṣó. Eyín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, egungun àgbọ̀n wọn ń jẹrà. Dókítà Harrison Martland tẹ àbájáde àyẹ̀wò rẹ̀ jáde ní ọdún 1925. Ní ọdún 1927 wọ́n hú òkú ọ̀kan nínú wọn tó ti kú láti 1922, ẹni tí wọ́n kọ sínú ìwé ikú rẹ̀ pé àrùn ìbálòpọ̀ ló pa á, egungun rẹ̀ sì ya àmì sára fíìmù fọ́tò nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún nínú ilẹ̀, rédíọ́ọ̀mù ṣì wà níbẹ̀, ó ń sọ orúkọ ara rẹ̀. Òfin ní ọdún méjì péré ni ènìyàn fi lè pẹjọ́, ilé iṣẹ́ náà sì rọ̀ mọ́ èyí gan-an. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹfà ọdún 1928, ó gbà láti san 10,000 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn obìnrin márùn-ún tó pẹjọ́, pẹ̀lú 600 dọ́là lọ́dọọdún.

Eruku Nevada kì í sọ orúkọ ara rẹ̀. Èyí tó léwu jù fún ọmọdé nínú rẹ̀ ni áyódíìnì-131. Yóò bà sórí koríko, màlúù yóò jẹ ẹ́, yóò jáde nínú wàrà, ọmọ yóò mu wàrà náà, yóò sì lọ jókòó sínú tairọ́ọ̀dù, ẹran kékeré tó wà níwájú ọ̀fun. Ní ọjọ́ mẹ́jọ, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, kò sí irinṣẹ́ tó lè rí i lára ọmọ náà mọ́, bẹ́ẹ̀ jẹjẹrẹ tó bá fà lè má yọjú títí di ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó bá sì yọjú, kò ní àmì kankan tó fi yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ tí ẹni tí kò dé Utah rí ń ní. Bí ènìyàn bá da omi kún odò tó ti ń kún tẹ́lẹ̀, tí odò náà wá ya wọ ilé, ta ni yóò mú omi inú yàrá kan pàtó kó ní ti onítọ̀hún ni? A lè wọn bí odò ṣe ga sí i. Irú òdiwọ̀n yìí náà ni àwọn onímọ̀ ń ṣe. Láti ọdún 1950 ni wọ́n ti ń tọpa nǹkan bí 120,000 ènìyàn ní Hiroshima àti Nagasaki, wọ́n sì lè sọ iye jẹjẹrẹ tí irú ìwọ̀n ìtànṣán báyìí yóò fi kún èyí tó ti wà. Orúkọ àwọn tí àfikún náà bá ni wọn kò lè sọ. Ilé ẹjọ́ ní tirẹ̀ kò fẹ́ iye, orúkọ ló fẹ́. Ó ní kí olùpẹjọ́ fi hàn pé ó ṣeé ṣe ju ìdajì lọ pé ìtànṣán ló fa àìsàn òun. Ká ní ìlú kan wà tí ènìyàn 100 ì bá ní jẹjẹrẹ, tí ìtànṣán wá sọ wọ́n di 140. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn 140 náà tí tirẹ̀ tó ìdajì, nítorí náà gbogbo wọn ni yóò pàdánù ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ ó dájú pé ènìyàn 40 nínú wọn ni wọ́n ṣe ní ibi. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀, bí àwọn àgbà ṣe wí, àmọ́ níbí yìí òfin ló ń bá ẹni tó dà á fẹ́ eérú náà kúrò lára.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, ẹjọ́ àgùntàn ló fi hàn jùlọ. Àwọn dókítà ẹran tí ìjọba rán wá síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ rí egbò náà, èrò àwọn kan nínú wọn sì ni pé ìtànṣán lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ìròyìn tí Àjọ náà gbé jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1954 kò sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí adájọ́ sì gbọ́ ní 1956 kò jọ ohun tó wà nínú àwọn àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Ọdún 1979 ni àwọn ìwé tó fara sin jáde nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ń ṣèwádìí. Ní 1982, àwọn olówó ẹran padà lọ bá Christensen kan náà, àgbàlagbà náà sì sọ pé wọ́n tan ilé ẹjọ́ òun jẹ ní ọdún 26 sẹ́yìn, ó fagi lé ìdájọ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá. Adájọ́ tó ṣe irú èyí ṣọ̀wọ́n. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò gbà fún un, wọ́n ní ohun tó rí kò tó ohun tí òfin ń pè ní ẹ̀tàn, nígbà tó sì di 1986 ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ kọ̀ láti gbọ́ ọ.

Bí wọ́n ṣe ṣe àkọsílẹ̀ àgùntàn náà ni wọ́n ṣe ti ènìyàn. Onímọ̀ kan nínú Àjọ náà fúnra rẹ̀, Harold Knapp, ṣírò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 pé ìwọ̀n áyódíìnì tó dé ọ̀fun àwọn ọmọ tó ń mu wàrà ju èyí tí Àjọ ń sọ lọ fíìfíì, ó sì jà kí ìwé rẹ̀ tó jáde. Ní ọdún 1965, Edward Weiss ti iléeṣẹ́ ìlera ìjọba kọ̀wé lórí ikú tó wá láti ọwọ́ jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Utah, wọ́n sì fi ìwé náà pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí John Gofman àti Arthur Tamplin, tí owó Àjọ ń gbọ́ bùkátà iṣẹ́ wọn ní ilé ìwádìí Livermore, sọ ní 1969 pé ìwọ̀n ìtànṣán tí òfin fàyè gbà pọ̀ jù, pé ó yẹ kí wọ́n dín in kù sí ìdámẹ́wàá, owó iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Àjọ kan náà ló ń ṣe bọ́ǹbù, òun ló ń polówó agbára átọ́míìkì, òun ló sì ń ka iye ẹni tó ń ṣàìsàn. Ààyán kì í jàre lẹ́jọ́ adìẹ, pàápàá níbi tí adìẹ ti jẹ́ akọ̀wé ilé ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ojú òdì wo àwọn tó ń jiyàn lórí iye wọ̀nyí, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni ìjọba rà. Ní 1979, Joseph Lyon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Utah tẹ̀ ẹ́ jáde pé ikú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tó gbé ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà láàárín 1951 sí 1958 jẹ́ ìlọ́po 2.44 ti àwọn tó ṣáájú wọn àti àwọn tó tẹ̀lé wọn. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, Charles Land àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ iye mìíràn wò, wọn kò rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tọ́ka sí i pé iye tó wà ṣáájú bọ́ǹbù ní gúúsù ló kéré lọ́nà àrà, ìyẹn ló mú kí èyí tó tẹ̀lé e dà bí òkè. Àwíjàre tó múná dóko ni. Àwọn ìlú náà kéré, ọmọ tó ń kú kò pọ̀, bí ikú mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá yí ọwọ́ padà, gbogbo ìṣirò yí. Ní ọdún 1990 ni ìwádìí tó gbé ìwọ̀n ìtànṣán ẹnì kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò jáde láti yunifásítì Utah. Ìsopọ̀ tó rí láàárín gbogbo ènìyàn kò lágbára, àmọ́ ti àwọn tí wọn kò tíì pé ogún ọdún nígbà tí eruku bọ́ lé wọn hàn kedere. Èyí tó ń bí mi nínú ni àkókò. Irú àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ìwádìí yìí ni ìbá ti wà láti 1953 ká ní wọ́n wọn eruku lára ènìyàn bí wọ́n ṣe wọn agbára bọ́ǹbù. Ẹni tí kò wọn nǹkan kò yẹ kó jàǹfààní àìsí òdiwọ̀n.

Ohun tí Adájọ́ Bruce Jenkins sọ ní Salt Lake City gan-an nìyẹn. Àwọn ará ibi tí eruku bọ́ sí ló pe ìjọba lẹ́jọ́ níbẹ̀, nínú èyí tí wọ́n ń pè ní ẹjọ́ Allen. Wọ́n tó nǹkan bí 1,200, wọ́n sì yan 24 láàárín wọn kí ẹjọ́ wọn ṣe àwòkọ́ṣe fún ti àwọn yòókù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1984, lẹ́yìn tó ti kọ ìdájọ́ tó ju 400 ojú ìwé lọ, ó dá ènìyàn 10 láre, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kò béèrè pé kí wọ́n mú omi tiwọn jáde nínú odò. Ó ní bí olùpẹjọ́ bá ti fi hàn pé òun wà níbi tí eruku bọ́ sí, pé irú àìsàn tí òun ní jẹ́ irú èyí tí ìtànṣán ń fà, pé àìbìkítà olùjẹ́jọ́ ló sì mú kí ẹ̀rí ṣòro rí, ẹrù di ti olùjẹ́jọ́ láti fi hàn pé kì í ṣe òun. Ó sì ya ohun méjì sọ́tọ̀. Bóyá kí a dán bọ́ǹbù wò tàbí kí a má dán an wò, ìjọba ló ni ìpinnu yẹn. Àìkìlọ̀ fún ìyá pé kó má fún ọmọ rẹ̀ ní wàrà tútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iṣẹ́ ni wọn kò ṣe, kì í ṣe ìpinnu. Ní 1987, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn da ìdájọ́ náà nù. Wọn kò sọ pé sáyẹ́ǹsì rẹ̀ kò tọ́. Wọ́n ní òfin ọdún 1946 tó gbà kí ènìyàn pe ìjọba lẹ́jọ́ yọ ohun tí ìjọba bá fi òye ara rẹ̀ pinnu sílẹ̀, pé ìkìlọ̀ náà wà lára ohun bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ kò dá sí i ní 1988. Gbogbo àríyànjiyàn lórí iye, ìlọ́po àti tairọ́ọ̀dù, wọ́n fi gbólóhùn kan nínú òfin pa á dé.

Ẹnìkan yóò ní ìgbà ogun ni, pé Rọ́ṣíà náà ń ṣe tirẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbà pé bọ́ǹbù pọn dandan. Wàrà tútù kò pọn dandan, ìkìlọ̀ lórí rẹ̀ kò sì lè sọ àṣírí kankan fún Moscow tí ẹ̀rọ wọn kò tíì gbọ́. Ẹlòmíràn yóò ní wọn kò mọ̀ nígbà náà. Martland ti kọ tirẹ̀ láti 1925, ní 1927 Hermann Muller ti fi eṣinṣin hàn pé ìtànṣán ń yí ohun àjogúnbá ara padà, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1946. Ní oṣù Kẹta ọdún 1954, bọ́ǹbù Amẹ́ríkà tó bú ní erékùṣù Bikini da eruku lé àwọn apẹja Jàpáánù lórí, ọ̀kan nínú wọn sì kú lọ́dún náà. Ní 1955, Amẹ́ríkà san mílíọ̀nù 2 dọ́là fún Jàpáánù, ó ní kì í ṣe pé òun jẹ̀bi lábẹ́ òfin. Ní 1956, ìjọba kan náà dúró níwájú Christensen, ó ń sọ̀rọ̀ àìjẹunkánú. Àwíjàre tó lágbára jù ni ti àwọn onímọ̀ tó ní ìwọ̀n kékeré kò ní ewu tí ènìyàn lè rí, pé ìbẹ̀rù ìtànṣán náà ń ba ayé ènìyàn jẹ́. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, pé nísàlẹ̀ ìwọ̀n kan, iye kò ní lè fi ewu hàn láé. Ṣùgbọ́n ohun tí iye kò lè fi hàn kò túmọ̀ sí ohun tí kò sí, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò ní 2006 sì dúró lórí pé ewu ń bá ìwọ̀n rìn láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀fun ọmọ tó mu wàrà ní St. George lọ́dún 1953 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kékeré.

Nàìjíríà náà ti dáhùn irú ìbéèrè yìí rí, kò sì dúró de ìṣirò. Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í yin bọ́ǹbù ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, ní oṣù Kejì ọdún 1960. Nígbà tí ẹ̀kẹta bú ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá, ní àárín gbùngbùn ọyẹ́, tí eruku aṣálẹ̀ ń fẹ́ wá sí ọ̀dọ̀ wa, ìjọba Balewa, ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn òmìnira, lé aṣojú Faransé lọ ní oṣù Kìíní ọdún 1961. Àwọn kan pè é ní ìwàǹwára. Lójú tèmi, òun ló bá ohun tí ìmọ̀ ìtànṣán lè sọ mu jù: ó dájú pé ewu wà, kò dájú ta ni yóò bá, nítorí náà ìlú ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ó di ọdún 2010 kí Faransé tó ṣòfin owó gbà-máà-bínú. Òfin náà gbà láìbéèrè ẹ̀rí pé ìtànṣán ló fa àìsàn, ó tún fi kún un pé àfi bí ewu bá kéré jọjọ. Gbólóhùn kékeré yẹn ló lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùbéèrè padà, títí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò ní 2017.

Ohun tí ilé ẹjọ́ kò lè fún àwọn ará Utah, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún wọn ní oṣù Kẹwàá ọdún 1990, pẹ̀lú gbólóhùn ìtọrọ àforíjì. Bí ènìyàn bá gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀, fún iye ọdún tí wọ́n sọ, tó sì ní ọ̀kan nínú àwọn jẹjẹrẹ tí wọ́n tò, yóò gba 50,000 dọ́là, kò sí ẹni tí yóò bi í pé ìtànṣán ni àbí òun kọ́. Àwọn awakùsà yuréníọ́ọ̀mù gba 100,000. Òótọ́ ni pé owó náà ń dé ọwọ́ àwọn tí jẹjẹrẹ wọn kò ti Nevada wá. Nínú ìlú àwọn 140 tí mo ṣírò lẹ́ẹ̀kan, ènìyàn 100 yóò gbà á láìyẹ. Bí ó bá di pé kí a yàn láàárín kí 100 gbà á láìyẹ àti kí 40 má gbà á rárá, tí ẹni tó fa ọ̀rọ̀ náà sì ni yóò sanwó, mi ò rí ohun tó le nínú yíyàn yẹn. Àléébù òfin náà wà níbòmíràn, nínú ààlà rẹ̀. Atẹ́gùn kì í ka ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ ti ìjọba àpapọ̀ tẹ àwòrán ìpínkiri áyódíìnì náà jáde ní 1997, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ìwọ̀n wọn ga jùlọ kò sí ní Utah. Custer àti Gem ní Idaho wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni Meagher ní Montana, níbi tí òjò ti rọ eruku sílẹ̀. Àròpọ̀ tí wọ́n ṣe fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà ni pé jẹjẹrẹ tairọ́ọ̀dù tí yóò ti inú rẹ̀ wá lè jẹ́ nǹkan bí 11,000, ó sì lè ju 200,000 lọ. Òfin náà kú ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 lẹ́yìn tó ti san owó tó lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là. Wọ́n jí i dìde ní oṣù Keje ọdún 2025, owó àwọn tí eruku bà di 100,000, wọ́n sì fi gbogbo Idaho kún un, àti New Mexico, níbi tí bọ́ǹbù àkọ́kọ́ láyé ti bú ní 1945. Montana kò sí nínú rẹ̀.